Orí Kẹfà: Ìyà Ọlọ́jọ́ Pípẹ́, Ọgbẹ́ Ọkàn àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2020, iná jó ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ìbọn dún ní Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò ìwọ́de tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe tako ọlọ́pàá SARS, ẹ̀mí sì bọ́. Bí ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ jóná kò bá rí oorun sùn lọ́sẹ̀ náà, tàbí tí ẹni tó wà nítòsí ìbọn yẹn bá ń ta gìrì nígbàkigbà tí ọ̀kadà bá bú, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Gbogbo ìlú ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Wọ́n á kí i kú ewu, wọ́n á bá a dárò. Ìyà mìíràn wà tí kò ní ọjọ́, tí ìwé ìròyìn kò gbé, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í kí ẹni tó jẹ ẹ́ kú ewu rẹ̀: ti ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń jẹ pàṣán láàárọ̀ lálẹ́ fún ọdún mélòó kan nínú ilé tí wọ́n ti géètì rẹ̀ pa, ti ọmọ tí ìbátan ń fipá bá lò pọ̀ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá ń fi ebi àti lílù kọ́ níṣẹ́, ti aya tí kò lè sá nítorí pé ilé bàbá rẹ̀ yóò dá a padà. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé irú ìyà bẹ́ẹ̀ ń dá ọgbẹ́ kan tí ìṣègùn mọ̀, tí ìtọ́jú rẹ̀ sì wà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìwà ni ọgbẹ́ náà fi ń hàn síta. Nítorí náà ni ẹbí, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn fi máa ń bá ẹni tó ní i wí níbi tó yẹ kí wọ́n ti mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe ọgbẹ́ yìí kò tíì pẹ́. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ PTSD, ìyẹn ọgbẹ́ ọkàn tí ohun ìbẹ̀rù ń dá síni lára, sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, ẹni tí wọ́n sì ń wò lójú jù lọ nígbà náà ni ọmọ ogun tó ti Vietnam dé, tó fi ojú ogun sílẹ̀ tí ojú ogun kò fi í sílẹ̀. Judith Herman, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn ọpọlọ ibẹ̀, ń tọ́jú àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù àti àwọn tí wọ́n bá ṣe ìṣekúṣe ní kékeré, ó sì rí i pé àpèjúwe yẹn kò gba tiwọn tán. Ní 1992 ó kọ ọ́ pé ẹni tó wà lábẹ́ agbára ẹlòmíràn fún ìgbà pípẹ́, tí kò sì rí ọ̀nà jáde, máa ń ní ìṣòro tó jinlẹ̀ ju ti ẹni tí jàǹbá kan ṣoṣo bá lọ. Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Ọdún 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tó fọwọ́ sí ìwé ICD-11 tó ya àìsàn méjèèjì sọ́tọ̀, tó fún PTSD ní nọ́ńbà 6B40, tó sì fún complex PTSD ní 6B41. Ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2022. Ìwé DSM-5 ti àwọn ará Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2013, kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí èyí, dókítà méjì lè wo ẹnì kan náà kí wọ́n kọ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú fáìlì rẹ̀, kó má sì jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ṣì í ṣe. Ọgbẹ́ ọkàn tó díjú ni a ó máa pè é nínú orí yìí.

Àmì mẹ́ta ló pa àìsàn méjèèjì pọ̀. Ohun tó ti kọjá ń padà wá bí ẹni pé ìsinsìnyí ló ń ṣẹlẹ̀, yálà lójú oorun tàbí lójúmọmọ. Ẹni náà ń sá fún ibi, ènìyàn, òórùn tàbí ọ̀rọ̀ tó lè rán an létí. Ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀. Ó ń ṣọ́ ewu tí ẹlòmíràn kò rí. Ní ti ọgbẹ́ tó díjú, ICD-11 fi mẹ́ta mìíràn lé e. Ìmọ̀lára rẹ̀ kì í gba ìjánu: ohun kékeré á mú un gbaná jẹ, tàbí kí ara rẹ̀ kú tipiri tí kò fi mọ ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ mọ́. Ó gbà nínú ara rẹ̀ pé òun kò wúlò, pé òun ti bàjẹ́, pé òun lòun fa ohun tí wọ́n ṣe sí òun. Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ènìyàn sì di ìṣòro fún un, nítorí pé ó ń fẹ́ẹ́ sún mọ́ni, ẹ̀rù sísún mọ́ni sì ń bà á. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àwọn àmì yìí pẹ́ lára rẹ̀, tí wọ́n sì ń dí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ilé rẹ̀ lọ́wọ́, kí dókítà tó lè sọ pé àìsàn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ohun tó kà nínú orí yìí sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ di aláìsàn.

Bí àwọn àmì yìí ṣe ń wáyé kò jọni lójú bí a bá rò ó dáadáa. Ọpọlọ ní ẹ̀yà kan, amygdala, tó ń ta ara lólobó nípa ewu kí èrò tó dé ibẹ̀ rárá. Ọmọ tí ewu rẹ̀ ń ti ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ ọ wá kò lè sá, kò sì lè jà. Ohun tó lè ṣe ni kó kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ewu tọ̀sán tòru: kó mọ̀ láti inú bí wọ́n ṣe ṣí géètì bóyá ọ̀gá mutí wálé, kó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ àti ìgbà tó yẹ kó sá pamọ́ sẹ́yìn ilé. Ẹ̀kọ́ yẹn gbà á lọ́wọ́ lílù díẹ̀. Ó sì tún kọ́ ẹ̀kọ́ kejì, tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: bí ó bá gbà pé ẹni tó ń bọ́ òun níkà, ayé òun ti parí, nítorí náà ó sàn fún un kó gbà pé òun fúnra òun ni kò dára. Nígbà tó bá dàgbà, tó kúrò nínú ilé náà, ara rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti kúrò. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé ọkọ rẹ̀ ló ti wá ń ṣọ́ ìró géètì.

Níbí ni àṣìṣe ńlá ti ń wáyé ní àwùjọ wa. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, tó ń rìn káàkiri ìgboro pẹ̀lú àkísà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ara rẹ̀ kò dá. Ẹni tó ní ọgbẹ́ ọkàn tó díjú ń wọṣọ, ó ń lọ sí ọjà, ó ń kọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́. Onínúfùfù ni wọ́n ń pè é, tàbí agbéraga tí kì í bá ẹgbẹ́ ṣe, tàbí obìnrin tí kò lè gbé ilé ọkọ, tàbí ọmọ olórí kunkun. Bí ó bá ń mutí tàbí tó ń lo tramadol kí oorun lè kùn ún, ọmuti tàbí ọmọ ìta náà ni. Bí eegun ẹsẹ̀ ọmọ bá kán, tí ẹnikẹ́ni kò tò ó, tó wá jọ ní wíwọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ìwà ló mú kó máa tiro. Ìgbà tó bá dáni lójú pé a mọ ìtàn eegun náà la máa ń wá ẹni tó lè tún un tò. Ìtàn ẹni tí à ń sọ yìí kò hàn síta, nítorí náà ìdájọ́ ló ń ṣáájú ìtọ́jú.

Ilé ìwòsàn náà kì í tètè rí i, kì í sì í ṣe ẹ̀bi dókítà nìkan. Kò wọ́pọ̀ kí ará Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó níwájú dókítà kó sọ pé ọkàn òun gbọgbẹ́. Ohun tó máa sọ ni pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lára òun, pé àyà òun ń já, pé òun kì í sùn. Láti 1960 ni oníṣègùn ọpọlọ kan, Raymond Prince, ti kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń ráhùn irú nǹkan báyìí. Dókítà tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀ á kọ oògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dù. Bí ara kò bá dá, aláìsàn á tún padà wá lóṣù kejì. Ìráhùn ara yìí kì í ṣe irọ́, ara náà ń ṣe é lóòótọ́. Ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà ni ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò bi í: ṣé ohun kan wà tí ẹnì kan ń ṣe sí ọ, tàbí tó ti ṣe sí ọ rí, tí kò kúrò lọ́kàn rẹ?

Àtakò àwọn tó ní kò rí bẹ́ẹ̀

Àwọn kan sọ pé àìsàn òyìnbó ni, pé Yorùbá kò mọ irú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí tó yẹ kí a kọ́kọ́ pè ni ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì tó wà ní Ọ̀yọ́ láti 2005. Samuel Ajayi Crowther ṣì kéré nígbà tí àwọn akónilẹ́rú kó ìlú Òṣogùn ní 1821. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó ròyìn bí wọ́n ṣe ń tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn, bí wọ́n ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin, àti bí ìbẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ tà á fún àwọn Potogí ṣe mú un gbìyànjú lóru, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn. A kò ní jókòó ti ìwé kí a máa sọ irú àìsàn tó ṣe ẹni tó ti kú láti 1891. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì mọ lẹ́tà òyìnbó kan kí ọ̀rọ̀ yẹn tó bá a. Ọ̀yọ́ tòní fúnra rẹ̀, tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó sí Àgọ́-Ọ̀jà lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn tó sá ogun wọ̀ tó fi di ìlú ńlá, àwọn tí ojú wọn rí màbo ló kún ibẹ̀. Òyìnbó ló fún àìsàn náà ní nọ́ńbà. Ìyà tó ń fà á ti wà nílé kí nọ́ńbà tó dé.

Àtakò tó lágbára jù ti ọ̀dọ̀ ìwádìí fúnra rẹ̀ wá, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ńlá kan lórí àìsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà, èyí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Nínú ènìyàn 4,984 tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, nǹkan bí 12 nínú 100 ló ti ní irú àìsàn ọpọlọ kan rí láyé wọn. PTSD tí wọ́n rí kò tó ẹnì kan nínú 100. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn: ará wa kì í ní i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń béèrè. Àlejò ló wá sí ilé, tó mú ìwé ìbéèrè dání, nínú agboolé tí ògiri ti ń gbọ́ràn. Ẹni tó bá ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ìyá tó bí i kò ní dédé tú u síta fún àlejò. Àwọn ìbéèrè náà sì ti wà ṣáájú ICD-11. Kò sí èyí tó wá ìtìjú tí kò tán tàbí ìṣòro ìbáṣepọ̀ nínú wọn gẹ́gẹ́ bí ara ọgbẹ́ kan náà. Ní 2014, Àjọ Ètò Ìkànìyàn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF àti CDC ti Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí mìíràn lórí ìwà ipá sí àwọn ọmọdé jákèjádò Nàìjíríà. Tọ̀tẹ̀ yìí, ẹnì kan ni wọ́n ń mú nínú ilé kan, níkọ̀kọ̀ ni wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀. Èsì rẹ̀ ni pé bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ti rí irú ìwà ipá kan kó tó pé ọdún 18. Ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó rí ìrànlọ́wọ́ gbà nínú àwọn tí wọ́n fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ kò tó márùn-ún nínú 100. Kì í ṣe pé gbogbo ọmọ wọ̀nyí ló ní àìsàn tí à ń sọ. Ohun tí a fi hàn ni pé ìwádìí tí kò bá dáàbò bo ẹni tó ń dáhùn yóò ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí àlàáfíà.

“Wọ́n lu àwa náà, a sì di ènìyàn.” Ọ̀rọ̀ yìí ni àgbàlagbà máa ń fi dáhùn, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 24, Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé bí ènìyàn 70 nínú 100 ló ti kó sínú ohun ìbẹ̀rù kan rí, ṣùgbọ́n nǹkan bí mẹ́fà nínú 100 àwọn tó kó sínú rẹ̀ ni PTSD ṣe. Àwọn tó pọ̀ jù máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kì í ṣe agídí tàbí orí líle: bí ìyà náà ti pẹ́ tó, ọjọ́ orí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, bóyá ẹni tó yẹ kó dáàbò boni ló ń fi í jẹni, àti bóyá ẹnì kan wà, ìyá àgbà, olùkọ́ tàbí alájọgbé, tó gba ọmọ náà gbọ́ tó sì gbè é lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó ní wọ́n na òun nígbà tóun jalè, tí ìyá rẹ̀ sì fi omi gbígbóná jó ibi tó wú fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, kò mọ ohun tó ń ṣe ẹni tí wọ́n nà láìjalè, lójoojúmọ́, tí kò sì sí ìyá níbẹ̀. Ìyẹn pàápàá kò túmọ̀ sí pé nínà dára.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀, àlùfáà, áfáà tàbí babaláwo, a kò sì ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi wà láti ọdún 1898 kò ní dẹ́kun àdúrà nítorí orí ìwé kan. Kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó dẹ́kun. Ìwádìí COSIMPO, tí Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2020, fi hàn pé bí àwọn olùwòsàn ìbílẹ̀ àti ti ẹ̀sìn bá pa ọwọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ara àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú máa ń yá ju ti àwọn tí a fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan tiwa. Ohun tí kò ṣeé fara mọ́ ni ẹ̀wọ̀n, pàṣán àti ààwẹ̀ àfipáṣe. Láàárín 2018 sí 2019, àwọn olùwádìí Human Rights Watch lọ sí ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá, wọ́n sì rí àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní orúkọ ìtọ́jú. Ní oṣù kọkànlá 2019, ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ níbì kan ní Òjòó, Ìbàdàn. Fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti inú àhámọ́ àti lílù wá, ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ìtọ́jú tí kò ṣiṣẹ́ lásán. Ohun tó fa àìsàn náà gan-an ni wọ́n tún ṣe sí i. Ó yẹ kí olórí ẹ̀sìn tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ máa gbàdúrà, kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni náà láìdá a lẹ́bi, kó sì mọ orúkọ ilé ìwòsàn tó máa rán an lọ. Ó tún ku ohun kan tí àwọn olórí ẹ̀sìn kì í fẹ́ gbọ́: kíkán ẹni tó jìyà lójú láti dárí jini, kó sì padà sílé ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́, kì í ṣe àdúrà.

Bí ìtọ́jú ṣe ń lọ

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ ni pé wọ́n á ní kí àwọn tú àṣírí ìdílé síta ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Herman là á sílẹ̀ pé ìpele mẹ́ta ni ìtọ́jú: ààbò, lẹ́yìn náà ìrántí àti ọ̀fọ̀, lẹ́yìn náà ìpadà sáàárín àwọn ènìyàn. Ẹni tó ṣì ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń lù ú kò ní oògùn tó ṣáájú pé kó kúrò lábẹ́ lílù. Lẹ́yìn ààbò ni oorun, mímí, bí a ṣe ń mọ̀ pé ìbínú ń bọ̀ kó tó dé, bí a ṣe ń padà sí ìsinsìnyí nígbà tí ìrántí bá fẹ́ gbéni lọ. Marylene Cloitre ní Amẹ́ríkà ṣe ìtọ́jú kan, STAIR, tó fi irú ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú kí ó tó kan ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò tán lórí èyí. Àwọn kan ní ọ̀pọ̀ aláìsàn lè bọ́ sórí ìtàn náà ní tààràtà, pé dídá wọn dúró pẹ́ jù lórí ìmúrasílẹ̀ ń fi ìyà wọn pẹ́ sí i. Lójú tèmi, ipò tí aláìsàn wà ló yẹ kó pinnu: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúró nínú ayé rẹ̀ kò nílò ìmúrasílẹ̀ oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń ronú láti para rẹ̀ sì nílò rẹ̀. Ní ti àṣírí, òfin iṣẹ́ wọn kò gba dókítà tàbí olùdámọ̀ràn láyè láti gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn síta, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tàbí bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé.

Àwọn ọ̀nà ìtọ́jú tí ẹ̀rí wọn lágbára jù fún PTSD jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Òmíràn ń mú aláìsàn yẹ èrò tó ti gbà gbọ́ nípa ara rẹ̀ wò, bíi “èmi ni mo fà á”; òmíràn, tí wọ́n ń pè ní EMDR, ń mú un rántí nígbà tí ojú rẹ̀ ń tẹ̀lé ọwọ́ olùtọ́jú láti ọ̀tún sí òsì; òmíràn ń mú un to ìtàn ìgbé ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìsinsìnyí, kí ohun búburú náà lè bọ́ sí ipò rẹ̀ nínú àkókò, kó di ohun tó ti kọjá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, fún oṣù díẹ̀, ti ọgbẹ́ tó díjú sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn bíi sertraline tàbí paroxetine lè dín àmì kù, pàápàá bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìbi dókítà. Valium tí àwọn ènìyàn ń rà ní kẹ́míìsì kí wọ́n lè sùn kì í wo àìsàn yìí, ó sì ń di bárakú.

Ó ku àtakò tó jẹ́ òótọ́ jù: dókítà dà? Ní Nàìjíríà, kò tó oníṣègùn ọpọlọ kan fún ènìyàn 100,000. Nínú ìwádìí Gureje tó jáde ní 2006 yẹn, nǹkan bí 8 nínú 100 àwọn tí àìsàn wọn le gan-an ló rí ìtọ́jú gbà láàárín ọdún kan. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin àwọn aṣèwèrè tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀, fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n òfin kì í bí dókítà. Síbẹ̀ ẹ̀rí wà ní Áfíríkà pé kò di dandan kí gbogbo ìtọ́jú ti ọwọ́ dókítà wá. Ní ibùdó Nakivale ní Uganda, wọ́n kọ́ àwọn tí wọ́n jẹ́ olùsádi fúnra wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti tọ́jú olùsádi 277 láti Rwanda àti Sòmálíà. Èsì tó jáde ní 2008 fi hàn pé bí méje nínú mẹ́wàá àwọn tó to ìtàn ayé wọn ló bọ́ lọ́wọ́ PTSD, tí ti àwọn tí a kàn ń ṣọ́ kò sì tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ní ìlà oòrùn Congo, èsì 2013 lórí àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àníyàn ṣì wà lára 9 nínú 100 àwọn tó gba ìtọ́jú lẹ́gbẹẹgbẹ́, ó sì wà lára 42 nínú 100 àwọn tó gba ìrànlọ́wọ́ lásán. Àwọn olùrànlọ́wọ́ àdúgbò ló ṣe iṣẹ́ náà. Ní Lusaka ní Zambia, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣeé ṣe ni pé wọ́n kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ náà dáadáa, ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ sì ń ṣàmójútó wọn. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí à ń sọ yìí kún fún ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ olùkọ́, nọ́ọ̀sì, pásítọ̀ àti olùdámọ̀ràn. Àwọn ènìyàn tí a lè kọ́ wà nílẹ̀.

Ní báyìí ná, ẹni tó bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè gba ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn méjì lọ: ti LAUTECH, àti ti Bowen tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907. Ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀, kó sì béèrè ìwé tó máa gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí ìrìn rẹ̀ kò ju bíi kìlómítà 50 lọ. Kò pọn dandan kó mọ orúkọ àìsàn rẹ̀ kó tó lọ. Bí ó bá sọ fún dókítà pé, “Orí mi ń gbóná, mi ò kì í sùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo gbé ilé ẹnì kan tó ń fìyà jẹ mí,” ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ dókítà. Ó lè mú ẹnì kan tó gbẹ́kẹ̀ lé dání, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹni náà dúró síta. Ó lè béèrè irú ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ ṣe, bí yóò ti pẹ́ tó, àti iye tó máa ná an. Bí dókítà àkọ́kọ́ bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré, kó wá òmíràn. Ẹni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Ọjọ́ náà ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, kí ẹnì kan sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn wa ṣì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn gbìyànjú láti para rẹ̀, èyí sì ń mú kí àwọn ẹbí kan máa fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún dókítà. Kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà.

Àwọn tó máa ka ìwé yìí láti di olùkọ́ ló ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí láti ẹnu ọmọ. Bí ọmọ bá sọ ọ́, kí olùkọ́ gbọ́ ọ tán, kó má fi ìbéèrè pá a lórí, kó má sì ṣe ìlérí pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ọmọ ṣe sọ ọ́ gan-an. Kó má ránṣẹ́ pe ẹni tí ọmọ dárúkọ, kó má sì lọ bá a nílé láti bá a wí, nítorí pé ọmọ ni yóò jẹ ìyà ìbínú yẹn lálẹ́. Ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ìtọ́jú ọmọdé ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà gbà. Bí ìfipábánilòpọ̀ bá sì ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, nítorí pé oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í wúlò mọ́ lẹ́yìn wákàtí 72.